Ṣé Òfin Kọ̀ Ọ́?

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní Mowo, lẹ́yìn tí a ti jẹun tán tí iná ìjọba sì ti lọ, àbúrò mi fi iná fóònù rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sórí tábìlì, ó sì gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan tó ń dán bíi fàdákà síwájú mi. Sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ni. Hóró mẹ́wàá ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Méje ló kù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ bá mi wò ó. Ṣé òfin kọ̀ ọ́ ni, àbí òfin ò kọ̀ ọ́?"

Ọmọ àbúrò ìyá mi ni. Ọ̀kadà ló ń gùn ní oríta Mowo, lójú pópó tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì títí dé ààlà Sẹ̀mẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n dá àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì dúró lójú ọ̀nà, wọ́n tú àpò wọn. Irú oògùn kan náà ni wọ́n bá lápò àwọn méjèèjì. Wọ́n mú ọ̀kan lọ, wọ́n ní kí èkejì máa gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ò ti kúrò ní oríta. Àwọn kan ní oògùn ni, wọ́n ń tà á ní kẹ́mísì, báwo ni oògùn ṣe máa di èèwọ̀? Àwọn mìíràn ní òun àti kokéènì ò yàtọ̀ lójú ìjọba. Ẹnìkan tiẹ̀ búra pé kò sí òfin kankan tó dárúkọ rẹ̀.

Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Tramadol, 225mg. Mo lanu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òfin kọ̀ ọ́, mo sì tún pa ẹnu náà dé. Ìdí ni pé lórí tẹlifíṣọ̀n tó wà níbẹ̀, tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sí wa, ọ̀rá oògùn kékeré kan wà níbẹ̀ tí ilé ìwòsàn fún ìyá rẹ̀, ẹni tí gbogbo wa nínú ẹbí ń pè ní Mọ́mì Mowo, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un ní egungun ìbàdí. Tramadol ló wà nínú ọ̀rá yẹn náà, 50mg. Wọ́n fi báírò kọ orúkọ wọn sí i, àti iye ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó lójúmọ́. Ìyá ń lò ó kí wọ́n lè sùn. Ọmọ ń lò ó kí ó má bàa sùn.

Ìdáhùn tí mo jẹ àbúrò mi ní gbèsè ní alẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ sí ojú ìwé yìí lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ó dá mi lójú pé kì í ṣe oríta Mowo nìkan ni wọ́n ti ń bèèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí oògùn náà jẹ́. Ilé iṣẹ́ apòògùn Grünenthal ní orílẹ̀-èdè Jámánì ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1962, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á níbẹ̀ ní 1977. Àtọwọ́dá ni látòkèdélẹ̀. Kẹ́míkà ni wọ́n fi pò ó. Wọ́n ṣe é fún ìrora, iṣẹ́ méjì ló sì ń ṣe nínú ọpọlọ. Èkíní, ó ń lọ síbi tí mọ́fíìnì ń lọ láti pa ìrora, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kéré sí ti mọ́fíìnì. Èkejì, kì í jẹ́ kí ọpọlọ tètè kó ìránṣẹ́ rẹ̀ méjì kan, serotonin àti noradrenaline, padà sílé. Àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí a máa mú kí inú ènìyàn dùn, kí ojú rẹ̀ sì là. Iṣẹ́ kejì yìí ló sọ oògùn ìrora di oògùn agbára lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, àwọn alágbàṣe oko àti àwọn tó ń wa yanrìn, láti Èkó títí dé àríwá Kamẹrúùnù. Páwà ni wọ́n ń pè é ní oríta Mowo. Àbúrò mi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni tó ń polówó ọjà: tí òun bá ti lò ó, gbogbo gegele ojú títì ò ní dun òun lẹ́yìn mọ́, ebi ò ní pa òun, òun á sì gùn ún títí di aago mọ́kànlá alẹ́.

Títì ọ̀hún nìyẹn tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn ń fẹ̀ láti 2009. Ẹni tó bá ti jókòó sórí ọ̀kadà láti Mowo lọ sí Sẹ̀mẹ̀ rí kò ní bú ẹni tó ń wá oògùn ẹ̀yìn. Mi ò bú u.

Ṣùgbọ́n agbára yẹn kì í ṣe agbára. Ara ti rẹ̀, oògùn kàn ń dá ìránṣẹ́ tó fẹ́ wá sọ fún un dúró lẹ́nu ọ̀nà ni. Iṣẹ́ kejì tí mo wí yìí kan náà ló sì ń fa gìrì bí oògùn bá pọ̀ jù. Ẹni tí kò ní wárápá rí láyé rẹ̀ lè ṣubú lójijì, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa já. Ẹ wo ẹni tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí lórí ọ̀kadà tó ń sáré, tí obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti iṣẹ́ àkọ́kọ́, bí ènìyàn bá pò ó mọ́ ọtí tàbí páràgà tàbí oògùn orun, ó lè mú kí èémí rọlẹ̀ títí yóò fi dúró pátápátá. Ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń fún àgbàlagbà ni 50 sí 100mg lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ju 400mg lọ láàárín ọjọ́ kan. Hóró kan ṣoṣo nínú sáṣẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú mi ti ju ìlọ́po méjì èyí tó pọ̀ jù lọ tí dókítà máa fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Mẹ́ta tí kò sí níbí yìí ńkọ́?" mo bi í.

"Láàárọ̀ yìí ni mo ṣí i."

Mo fi fóònù ṣírò rẹ̀: 675. Ó rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe ń ṣírò oògùn bí owó ọjà. Nígbà tí mo sọ nípa 400 fún un, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó wá ku ìbéèrè òfin. Ọdún 1989, lábẹ́ ìjọba ológun, ni wọ́n ṣe òfin tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀, òun náà ni a sì ń lò di òní. Oògùn mẹ́ta ni òfin náà dárúkọ ní gbangba níbi tó ti ń sọ ìjìyà: kokéènì, heroin àti LSD. Lẹ́yìn náà ló fi kún un pé, àti èyíkéyìí mìíràn tó bá jọ wọ́n. Ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá ń kó wọn wọlé tàbí tó ń tà wọ́n. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ní wọn lọ́wọ́, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Gbogbo ẹrù ọ̀rọ̀ náà wá dà lé "tó bá jọ wọ́n" lórí. Jọ wọ́n lọ́nà wo? Ṣé nínú kẹ́míkà ni? Tramadol kò jọ kokéènì níbẹ̀. Ṣé nínú ohun tó ń ṣe fún ara ni? Ó jọ díẹ̀, kò jọ díẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìwé ẹ̀sùn tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ń gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀, wọ́n a máa kọ ọ́ pé Tramadol jẹ́ oògùn tó jọ kokéènì, heroin àti LSD, àwọn ènìyàn sì ti ti ibẹ̀ rẹ̀wọ̀n. Nítorí náà, ẹni tó búra ní oríta pé òfin kò dárúkọ rẹ̀ kò purọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ rẹ̀ kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Àjọ NAFDAC ni apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ló ń fún oògùn láṣẹ kí a tó lè tà á, èyí tí wọ́n sì fún láṣẹ nínú Tramadol ni 50mg àti 100mg, pẹ̀lú ìwé dókítà. Èyí tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, 200, 225, 250, kò ní àṣẹ. Kò sí ìwé dókítà tó lè sọ ọ́ di rere. Ẹ ò rí i pé nọ́ńbà ló kọ́kọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, kí oògùn fúnra rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ẹni tó ní 50mg lápò tí kò ní ìwé lọ́wọ́ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń ṣú, ibẹ̀ náà ni ẹni tó dá ọ ní ọ̀nà dúró ti máa ń di adájọ́.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ló rú lójú. Àdéhùn àgbáyé wà lórí oògùn olóró, ti 1961 àti ti 1971, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àkójọ orúkọ tirẹ̀. Tramadol kò sí nínú èyíkéyìí. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé rẹ̀. Láti 1992 ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé yàn ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní 2014, ní 2017 àti ní 2018, wọn kò sì dábàá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kankan pé kí a fi í sínú àkójọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ìdí tí wọ́n fi ń lọ́ra ni pé mọ́fíìnì wà nínú àkójọ náà, ìwé àṣẹ àti kọ́bọ́ọ̀dù alágàdágodo tí àkójọ ń béèrè sì jẹ́ kí mọ́fíìnì ṣọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Tramadol ló ṣẹ́kù fún ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́, tàbí tí jẹjẹrẹ ń jẹ. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn yẹn náà, ta ni yóò kù sí ìta? Ìdáhùn ń hanrun nínú yàrá kejì nígbà tí èmi àti ọmọ wọn ń sọ̀rọ̀.

Oníkálùkù wá ń ṣe tirẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi í sábẹ́ òfin oògùn olóró ní oṣù kẹfà 2014, Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Íńdíà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ti ń wá, kò ṣe é títí di oṣù kẹrin 2018. Kí oṣù yẹn tó dé, ọjà lásán ni páálí Tramadol jẹ́ lábẹ́ òfin oògùn olóró tiwọn. Èyí tó ní 225mg, orí omi ló ti ń yí padà. Ìgbà tó bá máa fi gúnlẹ̀ sí Àpápá, ó ti di ohun tí wọ́n ń lé kiri. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní 2017 pé Tramadol tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn fàyàwọ́ ní Áfíríkà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ti kúrò ní 300 kílò lọ́dún, ó ti ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ, láti 2013. Ní ọdún 2017 yẹn kan náà, wọ́n gba mílíọ̀nù mẹ́ta hóró ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀, inú páálí tí wọ́n ya àmì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sí ni wọ́n kó o sí. Àfi kí ènìyàn rẹ́rìn-ín kíkorò.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ti rí irú ìdààmú yìí lórí lúùlúù funfun kan tó ń jẹ́ mephedrone, oògùn àtọwọ́dá tó ń mú ojú là, tó gba ìgboro wọn ní 2009. Nítorí òfin kò tíì dárúkọ rẹ̀, gbangba ni wọ́n ti ń tà á, wọ́n á kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ajílẹ̀ ni, kì í ṣe fún jíjẹ. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 2010 ni òfin dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń pò ó kàn yí kẹ́míkà rẹ̀ díẹ̀, òmíràn tí kò lórúkọ tún jáde. Nígbà tó di 2016, wọ́n dojú òfin náà dé: gbogbo ohun tó bá ń yí ọpọlọ padà di èèwọ̀ láti tà, àfi àwọn tí òfin bá yọ sílẹ̀, bíi ọtí, tábà, kọfí àti oògùn ilé ìwòsàn. Òfin tiwa ti 1989 rò pé "tó bá jọ wọ́n" yóò ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Lójú tèmi, gbólóhùn náà fẹjú jù. Ẹja tó tóbi mọ ọ̀nà tó fi ń yẹ̀ ẹ́, ọlọ́kadà tó ní hóró mẹ́wàá lápò ló ń há sí i.

Kí ẹ má bàa ṣì mí gbọ́, ìdàrúdàpọ̀ yìí kò kan gbogbo oògùn tó ń mú ojú là. Methamphetamine tí àwọn kan ń pè ní áìsì, tí àwọn ará wa Ìgbò ń pè ní mkpuru mmiri, wà nínú àkójọ 1971. Ní 2011, Ibà, tí kò jìnnà sí ojú ọ̀nà Àgbádárìgì yìí kan náà, ni NDLEA ti rí ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń sè é ní Nàìjíríà. Mo sọ fún àbúrò mi pé ìyẹn, kí ó má tilẹ̀ bèèrè.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo wa la mọ ẹgbẹ̀sì, tí àwọn ìyá wa ń fi egbò rẹ̀ se àgbo ibà. Ní 2013, àwọn onímọ̀ láti Faransé àti Kamẹrúùnù kéde pé àwọn rí Tramadol nínú egbò ẹgbẹ̀sì ní àríwá Kamẹrúùnù, tó pọ̀ tó ti inú oògùn. Ariwo ta: ohun tí Jámánì rò pé òun dá, Ọlọ́run ti dá a sínú igbó wa! Ó wù mí kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn onímọ̀ ní Dortmund lọ tún un yẹ̀ wò. Wọn kò rí i nínú ẹgbẹ̀sì gúúsù, ti àríwá nìkan ni. Wọ́n sì rí i nínú ilẹ̀ àti nínú omi, pẹ̀lú ohun tí Tramadol máa ń dà lẹ́yìn tó bá ti gba inú ẹranko tàbí ènìyàn kọjá. Àwọn àgbẹ̀ ló ń lò ó kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, wọ́n sì ń fún màlúù wọn kí ó lè fa ohun ìtúlẹ̀. Màlúù ń tọ̀ sílẹ̀, igi ń mu ún. Páwà ti pọ̀ débi pé ẹgbẹ̀sì pàápàá ń lò ó.

Mo sọ ìtàn yìí fún un, ó sì rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni mo sọ èyí tí kò pa á lẹ́rìn-ín. Ìwádìí tí àjọ tó ń ṣètò ìṣirò ní Nàìjíríà àti ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oògùn olóró ṣe fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn ní ìlòkulò láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ni, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta. Mẹ́ta náà ni wá nínú ilé ní alẹ́ yẹn.

Mo wá dá a lóhùn. Mo ní, sáṣẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú mi yìí, òfin kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá bá a lápò rẹ, kò sí àlàyé tó máa ṣe ọ́ láǹfààní. Èyí tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, òfin gbà á, ṣùgbọ́n fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀rá náà nìkan.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá wá ń fi ti Mọ́mì rọ́pò díẹ̀díẹ̀ ńkọ́? Àádọ́ta péré ni. Wọn ò kúkú lò ó tán."

N kò retí ìbéèrè yẹn. Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti ń lò ó. Oṣù mẹ́jọ. Mo bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá lò ó. Ó ní òógùn, àìsùn, inú rírun, ọkàn òun á sì máa sáré láìsí ẹni tó ń lé òun. Mo sọ fún un pé ara tó ti mọ́ ọn báyìí kò yẹ kí ó já a lójijì, kò sì yẹ kí ó máa fi oògùn ìyá rẹ̀ wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀; dókítà ló máa ń là á sílẹ̀ bí a ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá àti ti Arò ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti dì mọ́. Ó ní ṣé mo ń pe òun ní wèrè ni. Mo ní ẹni tó ń bèèrè òfin kí ó tó ṣe nǹkan kì í ṣe wèrè. Ó bèèrè bóyá dókítà máa pe ọlọ́pàá. Mo ní iṣẹ́ dókítà ni láti wò ó sàn, àti pé bí ẹ̀rù bá ń bà á, èmi yóò bá a lọ.

Ó lọ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, láìpè mí. Wọ́n fún un ní ìwé tí wọ́n kọ iye àti ọjọ́ sí, ó sì ní òun ń tẹ̀lé e. Owó tó ń mú wálé ti dín kù, nítorí aago méje alẹ́ ló ń ṣíwọ́ báyìí. Kò sọ ohun tó ṣe sí hóró méje yẹn, èmi náà kò sì bi í.

Nígbà tí mo tún dé Mowo lóṣù tó kọjá, ọ̀rá oògùn kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Mọ́mì Mowo ti so ó mọ́ etí ìró wọn, níbi tí wọ́n máa ń so owó sí. Wọn kò sọ nǹkan kan fún mi, wọn kò sì sọ fún ọmọ wọn. Nígbà tí àkókò oògùn tó, wọ́n tú kókó ìró náà, wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n ka èyí tó kù lábẹ́ ètè, wọ́n sì tún un so.